Google Earth: Pro, ti wẹ́ẹ̀bù tàbí ti fóònù, èwo ni ká fi ya ààlà oko?

#1 Àgbẹ̀_Òdògbolú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní ìhà Òdògbolú fẹ́ ya oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sórí Google Earth. Oko kòkó ló pọ̀ jù, oko obì tẹ̀ lé e, ẹ̀gẹ́ wà díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tó bí oko 40. Orúkọ olóko, ààlà, àti bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n fẹ́ kó hàn, kí wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Pro tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà wà, èyí tó ń ṣí nínú Chrome wà, ti fóònù náà wà. Àwọn kan ń sọ pé Pro ti di ògbólógbòó, pé ká má wulẹ̀ fi da ara wa láàmú. Èwo ni ká lò? Windows 10 ni kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB. Dátà ò pọ̀ lọ́wọ́.

#2 Ìwé_Ilẹ̀

Pro ni kí ẹ lò fún iṣẹ́ yẹn. Nọ́ńbà ìtẹ̀jáde ló ń mú kí àwọn èèyàn máa pè é ní ògbólógbòó. Pro wà ní 7.3. Èyí tó ń ṣí nínú Chrome jáde ní oṣù kẹrin 2017, nọ́ńbà 9 ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá rí 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 9 á rò pé 9 ti gba ipò 7. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ Google kan náà ni wọ́n ti ń fa àwòrán sátẹ́láìtì wá, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ inú wọn ò dọ́gba rárá.

Ibi tí orúkọ ti pọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ Keyhole ló kọ́kọ́ ṣe é, EarthViewer ni wọ́n ń pè é ní 2001. Google ra Keyhole ní 2004, ó sì gbé Google Earth jáde ní oṣù kẹfà 2005. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nígbà yẹn: ọ̀fẹ́, Plus tí wọ́n ń san dọ́là 20 fún lọ́dún, àti Pro tó ń lọ sí bíi dọ́là 400 lọ́dún. Plus kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2008. Oṣù kìn-ín-ní 2015 ni Pro di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ta kọ́kọ́rọ́ Pro fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Àwọn 7.1 àtijọ́ máa ń béèrè kọ́kọ́rọ́, GEPFREE ni Google fún gbogbo èèyàn láti tẹ̀ síbẹ̀. 7.3 ò béèrè nǹkan kan.

Ohun tí oko 40 nílò, inú Pro ló pé sí: kíkó àtòjọ CSV (fáìlì àtòjọ tí kọ́mà pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀) wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣíṣí fáìlì GPX (ipa ẹsẹ̀ àti àmì ibi) láti inú GPS, ṣíṣí shapefile (irú fáìlì máàpù kan), wíwọn ààlà àti fífẹ̀ ilẹ̀ ní hẹ́kítà tàbí éékà, àti àwòrán ńlá tó ṣe é tẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú àkọlé àti ìwọ̀n rẹ̀.

#3 ỌmọRẹ́mọ

Mo fara mọ́ Pro fún yíyà, ṣùgbọ́n ẹ má pa ti wẹ́ẹ̀bù tì. Tí iṣẹ́ bá ti parí, ta ni yóò fi Pro sórí kọ̀ǹpútà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́? Inú Google Drive ni ti wẹ́ẹ̀bù ń tọ́jú iṣẹ́ sí. Ẹ kó KML (fáìlì tí Google Earth ń kọ ààlà àti àmì sí) wọlé, ẹ fi ìlínkì ránṣẹ́, ẹni tó wà ní Ṣágámù àti ẹni tó wà ní Èkó á rí ohun kan náà lórí fóònù wọn. Láti 2020 ló sì ti ń ṣí nínú Firefox, Edge àti Opera, kì í ṣe Chrome nìkan mọ́.

Àwòrán ọdún àtijọ́ tí àwọn èèyàn máa ń tìtorí rẹ̀ sá padà sínú Pro náà ti dé ibẹ̀. Inú Google Earth 5.0 ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Ó di 2024 kó tó dé wẹ́ẹ̀bù àti fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe wúlò tó, kó lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú tuntun tó wà láàárín Ìlíṣàn àti Ìpẹru, kó máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀: ọ̀dà ojú pápá náà á di ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ pupa á di igbó àti oko. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà létí ibẹ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọdún tí wọ́n dé ìdí ààlà òun.

#4 Ìwé_Ilẹ̀

Òótọ́ ni, @ỌmọRẹ́mọ. Ẹ yà á nínú Pro, ẹ pín in nínú wẹ́ẹ̀bù. Kí wọ́n má kàn yà á nínú wẹ́ẹ̀bù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, iṣẹ́ dúró.

#5 Kọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́

4GB tó. Ẹ ṣe àwọn ètò wọ̀nyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dín wàhálà kù gidi.

Ẹ lọ sí Tools, Options, Cache. Ẹ gbé Disk Cache sí 2000 MB, ibi tó ga dé nìyẹn. Inú rẹ̀ ni àwòrán tí ẹ bá ti rí lẹ́ẹ̀kan ń sùn sí. Ẹ wá Wi-Fi tó dáa ní ọjọ́ kan, ẹ ṣí ìhà tí oko wà, ẹ sún mọ́ ilẹ̀ títí orí igi fi dá yàtọ̀ síra wọn, kí ẹ wá máa fà á lọ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì bí ẹni ń ro ebè, ẹ má fo ibì kan. Kí ẹ dúró níbì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ẹ lè pa dátà, Pro á máa fi àwòrán tó ti gbà sílẹ̀ hàn yín. Ti wẹ́ẹ̀bù ò lè ṣe èyí fún yín.

Ní apá Layers, ẹ yọ àmì kúrò níwájú 3D Buildings àti Photos. Wọ́n ń jẹ dátà, ẹ ò sì nílò wọn lóko. Ẹ fi Borders and Labels àti Roads sílẹ̀.

Tí ayé bá ṣí ní dúdú, tàbí tó ń mì, tàbí tí àkọlé ò hàn, káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà ló ń bá DirectX (ọ̀nà kan tí Windows ń gbà ya àwòrán) jà. Options, 3D View, Graphics Mode, ẹ yí i sí OpenGL, kí ẹ pa á kí ẹ tún ṣí i. Tó bá jẹ́ OpenGL ló wà tẹ́lẹ̀, ẹ yí i sí DirectX. Tó bá ṣì kọ̀, Help, Launch Repair Tool wà, ó lè nu cache, ó sì lè dá ètò padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá nu cache, gbogbo àwòrán tí ẹ ti gbà sílẹ̀ lọ nìyẹn, ẹ ó tún dátà ná.

Lójú ewé 3D View yẹn kan náà, ẹ yan Decimal Degrees fún Show Lat/Long, kí ẹ sì yan Meters, Kilometers fún ìwọ̀n. Kí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí yan ohun kan náà.

#6 Àgbẹ̀_Òdògbolú

Ẹ ṣé gan-an ni. A ti ṣí i. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ báyìí: orí igi nìkan là ń rí. Oko kòkó mẹ́ta tó fara kanra, ojú kan náà ni wọ́n ní. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí ti Lágbájá parí?

#7 Ààlà_Ìjẹ̀búIgbó

Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n láti òkè. Ẹ wo Erédò Sùngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rì. Yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ju kìlómítà 160 lọ, ògiri rẹ̀ tó mítà 20 láwọn ibì kan, síbẹ̀ tí ẹ bá gbé Google Earth lé e lórí, ewé ni ẹ ó rí. Sátẹ́láìtì ń ya ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn. Pẹ́rẹ́gún tí wọ́n gbìn sí ààlà àwọn olóko méjì, abẹ́ ìbòrí kòkó ló wà.

Nítorí náà ẹsẹ̀ ni. Ẹ gbé OsmAnd, áàpù máàpù kan, sórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí olóko àti àwọn tí wọ́n jọ pààlà jọ wà níbẹ̀, kí ẹ rìn yí oko ká kí fóònù máa kọ ipa ẹsẹ̀ yín sílẹ̀. Ní gbogbo igun, ẹ dúró, ẹ má mira fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi àmì síbẹ̀ kí ẹ sì kọ orúkọ igun náà: pẹ́rẹ́gún, òkìtì ọ̀gán, etí odò. Ní gbangba, fóònù máa ń ṣìnà ní mítà 3 sí 5. Lábẹ́ obì àti kòkó, ó lè kọjá mítà 10, pàápàá tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí ewé tutù. Igun ló ṣe pàtàkì ju ipa ẹsẹ̀ lọ, torí ipa ẹsẹ̀ á máa ta kọ́lọkọ̀lọ láàárín igi.

Ẹ fi GPX náà sórí kọ̀ǹpútà. Nínú Pro, File, Open, ẹ yan irú fáìlì Gps kó lè hàn. Yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́: ẹ fi àmì sí Create KML LineStrings, kí ẹ sì fi àmì sí Adjust altitudes to ground height. Tí ẹ bá gbàgbé ìkejì yìí, ìlà lè wọ abẹ́ ilẹ̀ tàbí kó fò sókè, torí gíga tí GPS fóònù ń sọ kì í sábà péye.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi Add, Polygon ya oko lórí àwọn igun wọ̀nyẹn. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Àpótí tó bá ṣí, ẹ má tẹ OK, ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi yà á tán. Tí ẹ bá fi máòsì fa ayé nígbà tí ẹ ń yà, yóò da ojú àmì rẹpẹtẹ sílẹ̀. Bọ́tìnì ọfà ti kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi máa rìn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ lẹ́tà R, yóò dá ojú ìwòran sí òkè gan-an, àríwá sókè. Tó bá dagun díẹ̀, ibi tí ẹ rò pé ẹ tẹ̀ kọ́ ni yóò gba àmì. Ní Style, Color, ẹ yan Outlined kí ilẹ̀ má baà farasin lábẹ́ àwọ̀. Ní Measurements ni ẹ ó ti rí fífẹ̀ rẹ̀, ẹ yan hẹ́kítà.

#8 ỌmọRẹ́mọ

Fún ẹni tó ń ronú ní pulọ́ọ̀tì: pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 60 sí 120 jẹ́ bíi mítà onígun 669. Éékà kan jẹ́ 4,047, ó gba pulọ́ọ̀tì 6 pẹ̀lú díẹ̀ lókè. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000, bí éékà méjì àbọ̀. Tí Pro bá sọ nọ́ńbà tó jìnnà sí ohun tí olóko mọ̀, ẹ yẹ àwọn igun wò kí ẹ tó sọ pé olóko ò mọ ilẹ̀ rẹ̀.

#9 Ìwé_Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àwòrán fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán tí ẹ ń wò kì í ṣe ti òní. Ọjọ́ tí wọ́n yà á wà nísàlẹ̀ ojú ìwòran, ó sì lè yí padà bí ẹ bá sún kìlómítà méjì péré, torí àwòrán onírúurú ọjọ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ibi tí méjì ti pàdé, ẹ ó rí i tí ọ̀nà kán sí méjì, tí àwọ̀ igbó sì yàtọ̀. Ẹ má ya ààlà kan kọjá ibi ìlẹ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, àwòrán ọdún kan lè yẹ̀ kúrò lórí ti ọdún kejì ní mítà mélòó kan. Ẹ tẹ àmì aago tó wà lókè, ẹ fi òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí igun ilé ìjọsìn kan ṣe àmì, kí ẹ máa yí ọdún. Ẹ ó rí i tí ilé náà ń sún síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ilé ò rìn. Bí sátẹ́láìtì ṣe dagun nígbà tó ń yà á, àti bí wọ́n ṣe tẹ́ àwòrán lé orí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, ló fà á. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ẹ yan ọjọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo oko 40, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sínú àpótí Description ti oko kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá èyí tí kurukuru ò bò. Oṣù òjò kì í sábà mọ́. Ti ọyẹ́ máa ń dáa jù, bí eruku ò bá pọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ sún sẹ́yìn títí ilẹ̀ fi di ìdì àwọ̀ onígun mẹ́rin ńláńlá, ti Landsat lẹ ti dé yẹn, mítà 30 ni ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ó dáa láti fi mọ bí igbó ṣe ń tán láti 1984, bí Timelapse, fídíò àyípadà ilẹ̀ ti Google Earth, ṣe ń fi hàn. Kò dáa fún ààlà oko láéláé.

#10 Àgbẹ̀_Òdògbolú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmọ̀. Méjì nínú àwọn olóko ní ìwé awọnlẹ̀ àtijọ́. Nọ́ńbà inú rẹ̀ dà bíi 585000mE, 755000mN. A tẹ̀ ẹ́ sínú Pro lẹ́yìn tí a yí i sí Universal Transverse Mercator (UTM, ètò tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà), ó gbé wa sí ìhà oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bọ́ sórí oko. Ó yẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ.

#11 Ìwé_Ilẹ̀

Nọ́ńbà yín ò burú, ètò ìwọnlẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ wo ìwé náà dáadáa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Origin sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ UTM Zone 31. Gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló bọ́ sí Zone 31. Ṣùgbọ́n ìwé awọnlẹ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà, orí ètò Minna ni wọ́n gbé e lé, èyí tó gba ayé gẹ́gẹ́ bí Clarke 1880 ṣe wọ̀n ọ́n. WGS84 ni Google Earth ń lò, kò sì sí ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kó lo Minna. Nọ́ńbà kan náà lórí ètò méjèèjì jìnnà síra ju mítà 100 lọ ní ìhà tiwa. Pápá bọ́ọ̀lù yín nìyẹn.

Ẹ lo QGIS, ètò máàpù orí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ igun ilẹ̀ sínú CSV, ẹ fi Add Delimited Text Layer kó o wọlé, kí ẹ yan EPSG:26331, ìyẹn nọ́ńbà ètò Minna UTM Zone 31N. Tó bá béèrè irú ìyípadà tí ẹ fẹ́, ẹ yan èyí tó kọ Nàìjíríà sí ara. Ẹ tún fi Save Features As gbé e jáde ní KML, CRS rẹ̀ (ètò ìwọnlẹ̀ rẹ̀) kó jẹ́ EPSG:4326, ìyẹn WGS84. Èyí ni ẹ ó ṣí nínú Pro. Tó bá jẹ́ West Belt ni wọ́n kọ sí ìwé, EPSG:26391 ni. Àwọn ìwé tuntun kan sì wà tó ti wà ní WGS84 tẹ́lẹ̀, ẹ má yí ìyẹn rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awọnlẹ̀ tó fọwọ́ sí i.

Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ló ń sọ ohun tó fà á. Tó bá yẹ̀ ní mítà díẹ̀, àwòrán ni tàbí GPS. Tó bá ju 100 mítà lọ, Minna ni. Tó bá yẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹnì kan ti da ìṣẹ́jú pọ̀ mọ́ désímà: 6°49′12″ jẹ́ 6.82, kì í ṣe 6.4912. Ẹni tó bá tẹ 6.4912 á bá ara rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 36 sí gúúsù, ó ti kọjá Ẹ̀pẹ́. Tí oko bá sì lọ bọ́ sínú òkun ní gúúsù Niger Delta, wọ́n ti gbé ìbú (Lat) sí ipò òòró (Lon). Inú KML, òòró ló ń ṣáájú: 3.92,6.82.

Kí ó sì yé gbogbo ẹgbẹ́: ohun tí ẹ ń ṣe yìí kì í ṣe ìwé awọnlẹ̀. Kò ṣeé gbé lọ kóòtù, kò ṣeé fi ta ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí àwòrán tí ẹ bá tẹ̀ jáde.

#12 Kọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́

Lórí orúkọ olóko: tí ẹ bá ń fi File, Import kó CSV wọlé, ojú ewé àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa yan kọ́mà gẹ́gẹ́ bí ohun tó ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa yan UTF-8 fún Text Encoding. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, Ṣógbèsan á di àmì ìbéèrè àti ìdọ̀tí. Nínú Excel, CSV UTF-8 ni kí ẹ fi pa á mọ́, kì í ṣe CSV lásán. Kọ́mà kò gbọ́dọ̀ wà nínú orúkọ tàbí àdírẹ́sì, àfi tí ẹ bá fi àmì àyọlò yí i ká. Ìlà àkọ́kọ́ ni àkọlé: Oruko, Lat, Lon, Irugbin.

Títẹ̀ sórí ìwé: File, Save, Save Image. Map Options máa ń fún yín ní àkọlé, àlàyé àmì, ìwọ̀n àti àríwá. Ní Resolution ẹ yan Maximum, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́tà á fọ́ lórí ìwé A3.

#13 Àgbẹ̀_Òdògbolú

Ó ti yé wa. Ìbéèrè tó kù: iná ń lọ lójijì níbí, kọ̀ǹpútà ò ní bátìrì tó dúró. Ibo ni iṣẹ́ wa wà gan-an?

#14 Kọ̀ǹpútà_Ìkẹ́nnẹ́

Nínú My Places, tó jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ myplaces.kml. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ %USERPROFILE%\AppData\LocalLow\Google\GoogleEarth, ẹ ó bá a níbẹ̀, pẹ̀lú myplaces.backup.kml lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pa Pro dáadáa ló ń kọ ohun tuntun sínú rẹ̀. Tí iná bá lọ kó tó kọ ọ́, gbogbo ohun tí ẹ yà láti àárọ̀ lè lọ. Nítorí náà, lẹ́yìn oko méjì mẹ́ta, File, Save, Save My Places. Tí Pro bá ṣí tí My Places ṣófo, ẹ má ya nǹkan kan lé e, ẹ pa á, ẹ da backup náà kọ sí ibòmíràn, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí myplaces.kml kí ẹ fi rọ́pò tó ṣófo.

Ohun tó sàn ju ìyẹn lọ ni kí ẹ kó gbogbo oko sínú fódà kan nínú My Places, kí ẹ fi Save Place As gbé fódà náà jáde ní KMZ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ nínú orúkọ rẹ̀. KMZ ni kì í ṣe KML, torí KMZ ń di fọ́tò oko mọ́ra. KML ń kàn tọ́ka sí ibi tí fọ́tò wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹlòmíràn ò ní rí i. Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document. Ẹni tó gbà á á pa á mọ́ sórí fóònù rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà á ṣí Google Earth, á kó o wọlé láti ibẹ̀.